Láti Èèpo Edé dé Ara Ìfun: Iṣẹ́ Jíìnì nínú Àrùn Onígbáméjì ní Etíkun Ìlàjẹ

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Kò sí ibi tí òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti hàn tó etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Láti Atíjẹ́rẹ́ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn títí dé Awóyè ní ìhà ìlà-oòrùn, omi ni ọ̀nà, omi ni oko, omi ni ọjà. Orí òpó ni ọ̀pọ̀ ilé wà. Ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọdé ń wọ̀ lọ sí ilé-ìwé. Ẹja àti edé ni oúnjẹ, àwọn náà ni owó. Ṣùgbọ́n omi kan náà tí ó gbé ọkọ̀ ni ó wà lábẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Òun ni àwọn kan ń bù wẹ̀, òun ni wọ́n fi ń fọ àwo, òun náà sì ni àwọn mìíràn ń mu nígbà tí omi òjò bá tán nínú àgbá.

Irú omi báyìí, tí kì í ṣe omi òkun gan-an, tí kì í sì í ṣe omi dídùn pátápátá, ni ó tẹ́ kòkòrò àìfojúrí kan lọ́rùn láti máa gbé. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Vibrio cholerae. Bakitéríà ni, òun ni ó sì ń fa àrùn onígbáméjì, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní kọ́lẹ́rà. Iṣẹ́ yìí kò dúró lórí pé kòkòrò náà burú, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó ti mọ èyí. Ohun tí ó fẹ́ ṣe ni láti ṣàlàyé bí kòkòrò náà ti ń ṣe é: àwọn jíìnì wo ni ó fi ń rí ibùgbé nínú ìfun, àwọn wo ni ó ń sọ ibùgbé náà di àìsàn, àti bí àwọn onímọ̀ ti ti ara ọmọ eku mọ gbogbo èyí.

Èrò tí iṣẹ́ yìí dì mú ni pé díẹ̀ nínú ohun èlò tí kòkòrò náà fi ń gbé ara èèpo edé nínú omi ni ó tún fi ń gbé ara ìfun. Omi àti ìfun kì í ṣe ilé méjì lójú rẹ̀. Ìyẹ̀wù méjì nínú ilé kan ni. Ẹni tí ó bá mọ ẹnu ọ̀nà tí ó so ìyẹ̀wù méjèèjì pọ̀ yóò mọ ibi tí ó ti lè dá kòkòrò náà lọ́nà.

2.0 Bí àrùn náà ti dé etíkun

Orúkọ tí Yorùbá fún àrùn yìí bá ìṣe rẹ̀ mu. Ẹni tí ó bá mú ń bì, ó sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Bí igbá kan ti wà níwájú rẹ̀ ni òmíràn wà lẹ́yìn. Ìgbẹ́ náà kì í pẹ́ tí yóò fi dà bí omi ìrẹsì. Nígbà tí àrùn bá le, aláìsàn lè pàdánù omi tí ó tó lítà 1 láàárín wákàtí kan. Ojú rẹ̀ a jìn wọ inú, awọ ara rẹ̀ a hunjọ, bí kò bá sì rí ìtọ́jú, ẹni tí ó jí ní àlàáfíà lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Nínú àwọn tí ó bá mú gidigidi tí kò sì sí ìtọ́jú fún wọn, nǹkan bí ìdajì ni ó lè kú. Bí ìtọ́jú bá tètè dé, iye tí ń kú kì í pé ẹni 1 nínú 100.

Filippo Pacini, ọmọ Ítálì, ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe kòkòrò náà ní ọdún 1854, lẹ́yìn tí ó ti yẹ ìfun àwọn tí àrùn náà pa wò. Robert Koch, ọmọ Jámánì, tún ṣàwárí rẹ̀ ní Íjíbítì àti ní Íńdíà láàárín 1883 àti 1884. Síbẹ̀, bí kòkòrò tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ ti ń fa omi ara ènìyàn jáde kò yé ẹnikẹ́ni dáadáa títí di 1959. Ní ọdún náà ni Sambhu Nath De fi hàn ní ìlú Calcutta pé bí kòkòrò náà bá hù nínú omi, tí wọ́n sì sẹ́ ẹ kúrò pátápátá, omi tí ó ṣẹ́kù ṣì lè mú kí ìfun ehoro wú kí ó sì kún fún omi. Kò sí kòkòrò níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń lọ. Oró tí kòkòrò tú sílẹ̀ ni ó ń ṣe é.

Àjàkálẹ̀ àrùn onígbáméjì keje tí ayé ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Indonéṣíà ní ọdún 1961. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1970, ó dé orílẹ̀-èdè Gíní. Láti ibẹ̀, ó tọ etí òkun bọ̀ sí ìhà ìlà-oòrùn, láti abúlé apẹja kan dé òmíràn, bí ọkọ̀ ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti wọ Nàìjíríà. Kò sì tíì lọ. Ní ọdún 1991, àkọsílẹ̀ sọ pé ó mú ènìyàn 59,478 ní Nàìjíríà, 7,654 nínú wọn sì kú. Ní ọdún 2021, àwọn tí wọ́n fura sí pé ó mú jẹ́ 111,062, àwọn tí ó kú sì jẹ́ 3,604.

Ìwádìí jíìnì kan tí ó jáde ní ọdún 2017 tú ìtàn yìí wò láti inú kòkòrò fúnra rẹ̀. Ó fi hàn pé irú tí ń jà ní Áfíríkà láti 1970 kò hù láti inú omi Áfíríkà. Láti Éṣíà ni ó ti wọlé, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ó kéré tán, ó wọlé nígbà 11. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún Ìlàjẹ. Omi lè gba kòkòrò náà lálejò, ṣùgbọ́n ènìyàn ni ó ń gbé irú èyí tí ń pani láti ibì kan dé ibòmíràn.

3.0 Ohun tí jíìnì jẹ́

Jíìnì ni ìlànà iṣẹ́ tí ohun abẹ̀mí jogún. Bí ẹni tí ń hun àwọ̀n ti ń tẹ̀lé iye ojú àti bí ìdè ṣe gbọ́dọ̀ rí gẹ́gẹ́ bí baba rẹ̀ ti kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni bakitéríà ń tẹ̀lé jíìnì láti ṣe àwọn pùròtéènì tí í ṣe ara rẹ̀, irinṣẹ́ rẹ̀ àti ohun ìjà rẹ̀. Bí apá kan bá sọnù nínú ìlànà náà, àwọ̀n lè wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹja yóò gba ojú ihò jáde. Ọgbọ́n yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ń lò. Wọn a pa jíìnì kan ṣoṣo rẹ́, wọn a sì wo iṣẹ́ tí kòkòrò náà kò lè ṣe mọ́.

Ní ọdún 2000 ni wọ́n ka gbogbo ìlànà inú Vibrio cholerae tán. Orí kúrómósómù 2 ni ó wà, iye jíìnì tí wọ́n sì kà síbẹ̀ jẹ́ 3,885. Nínú gbogbo èyí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó jẹ mọ́ àrùn ní tààrà. Bí wọ́n bá sì fi ohun tí ó bo ara kòkòrò náà pín in sí ìsọ̀rí, ìsọ̀rí náà ju 200 lọ. Méjì péré, O1 àti O139, ni ó ti fa àjàkálẹ̀ àrùn onígbáméjì. Àwọn ìyókù ń gbé inú odò àti ọ̀sà wọn láìfa irú àjàkálẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí ó dìde ni pé, kí ni àwọn díẹ̀ náà ní tí àwọn ẹbí wọn kò ní?

4.0 Ìdí tí ó fi jẹ́ ọmọ eku

Ẹ̀rí-ọkàn kò gbà pé kí wọ́n máa fún ènìyàn ní kòkòrò àrùn mu kí wọ́n sì máa gé ìfun rẹ̀ wò. Eku ni àwọn onímọ̀ yíjú sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eku gbogbo. Eku àgbà kì í gba kòkòrò yìí láyè, nítorí pé ìfun rẹ̀ ti kún fún àwọn bakitéríà onílé tí kò fi àyè sílẹ̀ fún àlejò. Ọmọ eku tí ó ṣì ń mu ọmú, tí kò ju nǹkan bí ọjọ́ 5 lọ, ni ilé rẹ̀ ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Bí wọ́n ti ń ṣe é kò ṣòro láti yé ni. Wọn yóò po kòkòrò tí jíìnì rẹ̀ pé mọ́ èyí tí wọ́n ti pa jíìnì kan rẹ́ nínú rẹ̀, kí iye méjèèjì dọ́gba. Wọn yóò fi rọ́bà tín-ín-rín gbé àdàlù náà kọjá ọ̀fun ọmọ eku. Ní nǹkan bí ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, wọn yóò yọ ìfun rẹ̀, wọn yóò lọ̀ ọ́, wọn yóò sì tẹ́ ẹ sórí àwo tí oúnjẹ kòkòrò wà. Nítorí àmì tí wọ́n ti fi sí ara ọ̀kan nínú méjèèjì, àwọn tí ó hù láti ara ọ̀kan a ní àwọ̀ aró, ti èkejì a funfun. Ẹni tí ó bá ka aró, tí ó sì ka funfun, yóò mọ èyí tí ó rí ibùgbé àti èyí tí ìfun gbá dànù. Bí méjèèjì bá wọlé ní dọ́gbadọ́gba, tí ọ̀kan sì ku 1 nígbà tí èkejì jẹ́ 1,000, jíìnì tí ó sọnù ni ó fa ìyàtọ̀ náà.

Ọmọ eku kì í ṣe ènìyàn, kì í sì í yàgbẹ́ gbuuru ní ọ̀nà tí ènìyàn gbà ń yà á. Nítorí náà, ohun tí eku bá sọ nílò ẹlẹ́rìí. Ní ọdún 1988, àbájáde ìwádìí lórí àwọn ènìyàn tí ó yọ̀ǹda ara wọn ní Amẹ́ríkà jáde. Wọ́n mu kòkòrò tí wọ́n ti ba jíìnì tcpA tàbí toxR rẹ̀ jẹ́, kòkòrò náà kò sì rí ibùgbé nínú ìfun wọn. Ohun tí ọmọ eku ti sọ nípa àwọn jíìnì wọ̀nyí ni ara ènìyàn náà sọ.

5.0 Àwọn jíìnì tí ń wá ibùgbé

Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ọ̀nà náà kò dẹrùn fún kòkòrò fúnra rẹ̀. Omi kíkan inú àpòlúkù ń pa púpọ̀ nínú wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè gba kòkòrò 100,000,000 kí àrùn tó mú ẹni tí omi kíkan inú àpòlúkù rẹ̀ péye. Èyí tí ó bá la ibẹ̀ kọjá yóò bá òróòro pàdé nínú ìfun kékeré. Lẹ́yìn èyí, yóò fi ìrù rẹ̀ kan ṣoṣo wẹ la ikun yíyọ̀ kọjá, èyí tí ó bo ara ìfun bí ọbẹ̀ ilá ti ń bo òkèlè. Gbogbo ìgbà yìí ni ìfun ń ti ohun inú rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Kòkòrò tí kò bá rí nǹkan dì mú yóò bá a lọ.

5.1 Jíìnì gbpA

Èèpo edé, èèpo akàn àti èèpo àwọn ẹbí edé tí ó kéré ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, tí ó kún inú omi ọ̀sà, jẹ́ ohun kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní káítìnì. Ṣúgà kan tí ó so kọ́ ara rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ni káítìnì. Vibrio cholerae fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ ọn, ó ń gbé orí rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́. Ọ̀kan nínú ohun tí ó fi ń dì í mú ni pùròtéènì tí jíìnì gbpA ń ṣe.

Ní ọdún 2005, Thomas Kirn, Ronald Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn jábọ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n pa jíìnì yìí rẹ́. Kòkòrò náà kò lè lẹ̀ mọ́ káítìnì bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kò lè lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ìfun dáadáa mọ́. Iye rẹ̀ nínú ìfun ọmọ eku sì dín kù. Ìdí rẹ̀ ni pé irú ṣúgà tí ó wà ní ara èèpo edé wà nínú ikun tí ó bo ìfun pẹ̀lú. Ọwọ́ tí kòkòrò náà fi ń di edé mú ni ó fi ń di ènìyàn mú.

5.2 Àwọn jíìnì tcp

Dídì mú nìkan kò tó. Ní ọdún 1987, Ronald Taylor, John Mekalanos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣàlàyé àwọn òwú tín-ín-rín kan tí ó ń jáde láti ara kòkòrò náà. Ọ̀wọ́ jíìnì tí ń jẹ́ tcp ni ó ń ṣe wọ́n; tcpA ni ó ń ṣe èyí tí òwú náà fi ń gùn. Kòkòrò tí kò ní tcpA fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ibùgbé kankan nínú ìfun ọmọ eku. Iṣẹ́ tí òwú náà ń ṣe ni láti so kòkòrò kan mọ́ òmíràn, kí wọ́n lè di ìdìpọ̀. Ohun tí ìfun ìbá fi ìrọ̀rùn gbá lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan a wá ṣòro fún un láti gbá lọ ní ìdìpọ̀.

5.3 Ọ̀kọ̀ ìjà

Kòkòrò náà tún ní ohun ìjà kan tí ó dà bí ọ̀kọ̀, tí ó ń yọ láti inú ara rẹ̀, tí ó sì fi ń gún bakitéríà mìíràn tí ó bá fara kàn án. Ní orí káítìnì, ó ń fi ọ̀kọ̀ yìí pa aládùúgbò rẹ̀, ó sì lè gba jíìnì tí ó tú jáde láti ara òkú náà sínú ara tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ọdún 2015 ti fi hàn. Ní ọdún 2018, ìwádìí mìíràn fi hàn pé ó ń lo ọ̀kọ̀ kan náà nínú ìfun ọmọ eku láti gún àwọn bakitéríà onílé. Nígbà tí ó bá ti pa wọ́n, àyè a gbà á sí i, àìsàn náà a sì le sí i. Níhìn-ín pẹ̀lú, irinṣẹ́ tí ó wúlò nínú omi ni ó gbé wọ inú ìfun.

6.0 Àwọn jíìnì tí ń fa àìsàn

6.1 Oró

Gbígbé inú ìfun kì í pani. Àìmọye bakitéríà ni ó ń gbé ibẹ̀ láìṣe ibi. Oró ni ó sọ àlejò yìí di ọ̀tá. Jíìnì méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ctxA àti ctxB, ni ó ń ṣe é. Ẹ̀ka márùn-ún láti inú ctxB a so pọ̀ bí òrùka, òrùka náà a sì di ọ̀rá kan tí ń jẹ́ GM1 mú ní ara sẹ́ẹ̀lì ìfun. Ẹ̀ka kan ṣoṣo láti inú ctxA ni yóò wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ. Ibẹ̀ ni yóò ti bá pùròtéènì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ti aṣọ́bodè, yóò sì há a mọ́ ipò kan, tí kò fi ní lè ti ilẹ̀kùn mọ́. Ohun kan tí ń jẹ́ cAMP yóò wá pọ̀ jọjọ nínú sẹ́ẹ̀lì náà. Ọ̀nà tí iyọ̀ ń gbà jáde yóò ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi yóò sì tẹ̀lé iyọ̀.

Sẹ́ẹ̀lì náà kò kú, ìfun náà kò sì ya. Ó kàn ń da omi ara sóde láìdúró ni. Ìdí nìyí tí ìgbẹ́ náà fi rí bí omi ìrẹsì, tí kì í sì í sábà ní ẹ̀jẹ̀ nínú.

6.2 Jíìnì àyálò

Vibrio cholerae kò bí oró yìí mọ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 1996, Matthew Waldor àti John Mekalanos fi hàn pé inú fáírọ́ọ̀sì kan tí ń kọlu bakitéríà ni jíìnì ctxA àti ctxB wà. Fáírọ́ọ̀sì náà a wọ inú kòkòrò tí kò lóró, a gbé jíìnì rẹ̀ fún un, ìran kòkòrò náà a sì di olóró láti ọjọ́ náà lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ya ni lẹ́nu ni pé òwú tcp, èyí tí kòkòrò fi ń rí ibùgbé nínú ìfun, ni fáírọ́ọ̀sì náà ń gbá mú kí ó tó wọlé. Èyí túmọ̀ sí pé kòkòrò tí ó bá ti mọ bí wọ́n ti ń gbé inú ìfun ni ó lè gba oró. Nígbà tí wọ́n sì fi ìfun eku wé ìgò inú yàrá ìwádìí, inú ìfun ni ìgbàwọlé yìí ti ń ṣẹlẹ̀ jù.

Báyìí ni ìbéèrè abala kẹta gba ìdáhùn. Ohun tí àwọn díẹ̀ náà ní tí àwọn ẹbí wọn kò ní ni òwú tí ń kó wọn jọ àti oró tí wọ́n yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

6.3 Ẹni tí ń pàṣẹ

Kòkòrò náà kì í lo àwọn ohun ìjà yìí níbi gbogbo. Ní ọdún 1984, Virginia Miller àti John Mekalanos ṣàwárí jíìnì toxR, tí ó dà bí olórí ẹ̀ṣọ́. Pùròtéènì rẹ̀ dúró sí ara awọ kòkòrò náà. Òun pẹ̀lú TcpP ni ó ń jí jíìnì toxT, toxT ni ó sì ń jí àwọn jíìnì òwú àti ti oró. Ìwádìí ọdún 2013 fi hàn pé ohun kan nínú òróòro wà lára ohun tí ń ta TcpP jí. Òróòro tí ara pèsè fún dída oúnjẹ ni kòkòrò fi mọ̀ pé òun ti dé ilé.

Wọ́n tún máa ń ka ara wọn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, ṣùgbọ́n ìṣe kòkòrò yìí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ìwádìí ọdún 2002 fi hàn pé nígbà tí wọ́n bá pọ̀ tó, jíìnì hapR a paná òwú àti oró, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí yóò jẹ́ kí wọ́n tú kúrò. Ibi tí àwọn mìíràn ti ń bẹ̀rẹ̀ ìjà ni àwọn wọ̀nyí ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

7.0 Ìpadà sínú omi

Ibi tí wọ́n ń lọ ni ó tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru tí ó jẹ́ ikú fún ènìyàn ni ọkọ̀ tí kòkòrò ń wọ̀ padà sínú omi. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ tí ó ṣiṣẹ́ lórí ìgbẹ́ àwọn aláìsàn ní Bangladesh fi kòkòrò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ara ènìyàn díje pẹ̀lú èyí tí wọ́n gbìn sínú ìgò. Nínú ìfun ọmọ eku, èyí tí ó ti ara ènìyàn jáde borí èkejì lọ́nà púpọ̀. Ìwádìí mìíràn fi hàn pé agbára yìí lè wà lára rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan nínú omi kí ó tó rọ̀.

Ẹni tí ó bá fi ojú inú wo abúlé orí omi yóò rí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí aláìsàn kan bá yàgbẹ́ sínú omi ní òwúrọ̀, tí aládùúgbò rẹ̀ sì bu omi ní ìsàlẹ̀ odò ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, kòkòrò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná láti ojú ìjà ni ó bù. Àrùn lè ṣe bẹ́ẹ̀ gba abúlé kan láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ìròyìn rẹ̀ tó dé Igbókòdá.

8.0 Ohun tí ìmọ̀ yìí lè ṣe fún etíkun Ìlàjẹ

Èkínní ni sísẹ́ omi. Aṣọ kò lè dá ẹyọ bakitéríà dúró, nítorí pé ihò rẹ̀ tóbi jù. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí ó lẹ̀ mọ́ èèpo àwọn ẹbí edé wẹ́wẹ́ kò lè gba ibẹ̀ kọjá, nítorí ohun tí ó dì mú. Ní ọdún 2003, Rita Colwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ pé ní àwọn abúlé Bangladesh tí àwọn obìnrin ti ń fi ògbólógbòó aṣọ sari, tí wọ́n ṣẹ́ po ó kéré tán ní ìlọ́po mẹ́rin, sẹ́ omi mímu, àrùn onígbáméjì dín kù ní ìwọ̀n 48 nínú 100. Ìfẹ́ tí kòkòrò náà ní sí èèpo edé ni wọ́n fi mú un. Aṣọ kò lè rọ́pò sísè omi. Síbẹ̀, níbi tí igi ìdáná ti ṣọ̀wọ́n, ó sàn ju kí ènìyàn mu omi lásán lọ. Edé àti akàn pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jinná dáadáa.

Èkejì ni ìtọ́jú. Oró ctx ń ṣí ọ̀nà tí iyọ̀ ń gbà jáde, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ọ̀nà mìíràn tí ṣúgà àti iyọ̀ jọ ń gbà wọlé. Bí aláìsàn bá mu omi tí ṣúgà àti iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ìfun yóò gba méjèèjì, omi yóò sì tẹ̀lé wọn wọ ara. Èyí ni ìdí omi oníyọ̀-àti-ṣúgà: ṣíbí ṣúgà kékeré 6 tí wọ́n rẹ́ lórí, àti ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀, nínú lítà 1 omi mímọ́. Èyí tí ilé ìwòsàn ń fúnni nínú ọ̀rá péye jù ú lọ. Nínú àgọ́ àwọn tí ogun Bangladesh lé jáde ní ọdún 1971, Dilip Mahalanabis lo irú omi báyìí, ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là níbi tí omi abẹ́rẹ́ kò ti tó. Ní abúlé tí ọkọ̀ yóò ti rìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ó tó dé ilé ìwòsàn, ife omi yìí ni ó lè gbé aláìsàn dé ibẹ̀ láàyè. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi omi du aláìsàn nítorí pé ó ń yàgbẹ́.

Ẹ̀kẹta ni abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ti àrùn yìí jẹ́ mímu. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní CVD 103-HgR, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2016, wọ́n ti gé apá tí ó pọ̀ jù nínú jíìnì ctxA kúrò. Kòkòrò náà ń gbé inú ìfun fún ìgbà díẹ̀, ara ń mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò ní oró tí ó lè fi pani. Irú mìíràn, tí wọ́n fi kòkòrò tí ó ti kú ṣe, ni wọ́n lò ní Ìpínlẹ̀ Borno ní ọdún 2017 nígbà tí àrùn náà ń jà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ó wúwo jù, kì í sì í ṣe ẹrù tí aráàlú lè dá gbé. Níwọ̀n ìgbà tí ìgbẹ́ bá ń bọ́ sínú omi tí wọ́n ń mu, ọ̀nà tí kòkòrò ń gbà padà wà ní ṣíṣí. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lórí òpó kò ní ilẹ̀ tí yóò gbẹ́ ṣáláńgá sí. Ní Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1947, òkun ti gbé ilé àti ilẹ̀ lọ. Bí iyọ̀ òkun sì ti ń wọ inú omi dídùn, omi mímu ń ṣọ̀wọ́n sí i. Kíkọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó ń gba ìgbẹ́ jọ, àti pípèsè omi tí kò ní iyọ̀ tí kò sì ní àrùn, jẹ́ iṣẹ́ ìjọba. Kò tọ́ kí wọ́n dá apẹja lẹ́bi pé ó ń lo omi tí kò ní òmíràn.

9.0 Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti ṣàlàyé pé ìwọ̀nba jíìnì ni ó sọ Vibrio cholerae di apani. gbpA ń dì mú, tcp ń kó jọ, ọ̀kọ̀ ń lé onílé, ctxA àti ctxB ń da omi ara síta, toxR àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ń pàṣẹ ìgbà tí iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀, hapR sì ń pàṣẹ ìgbà tí yóò parí. Ara ọmọ eku ọlọ́jọ́ márùn-ún ni púpọ̀ nínú ìmọ̀ yìí ti wá, ara ènìyàn sì jẹ́rìí sí apá kan nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún etíkun Ìlàjẹ ni pé kòkòrò náà kò ní gbéra kúrò nínú omi, nítorí pé omi ni ilé rẹ̀ kí ó tó mọ ènìyàn. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni láti gé ọ̀nà tí ó wà láàárín omi àti ìfun: aṣọ àti iná ní àbáwọlé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní àbájáde, àti ife omi oníyọ̀-àti-ṣúgà ní ọwọ́ ẹni tí ó jókòó ti aláìsàn. Bí èyí bá ṣeé ṣe, omi kò ní lọ́tàá lóòótọ́, àwọn tí ń gbé orí rẹ̀ kò sì ní máa bẹ̀rù ohun tí wọ́n ń bù mu.